Àwọn Tí Kò Lò Ó Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lára abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ní Ajah níhìn-ín, a máa ń gbọ́ pé: “Ogún obìnrin ló lo àgbo yìí, gbogbo wọn ló yè.” N kò bú àgbo o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: nínú ogún tí kò lò ó, mélòó ló yè?

Láti 2010 dé 2016, a ṣe ìwádìí ńlá kan ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà lára wọn. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni a pín obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba abẹ́rẹ́ tranexamic acid, apá kejì gba omi iyọ̀ lásán, pẹ̀lú ìtọ́jú yòókù. Ìyá kò mọ èyí tí ó gbà, nọ́ọ̀sì pàápàá kò mọ̀.

Nínú 10,036 tí ó gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ pa 155. Nínú 9,985 tí ó gba omi iyọ̀, ó pa 191. Ẹ kíyè sí i: láàrin àwọn tí kò gba oògùn pàápàá, ó lé ní 98 nínú 100 tí ẹ̀jẹ̀ kò pa. Nítorí náà, pé ogún obìnrin yè kò tíì di ẹ̀rí fún oògùn kankan.

Ṣé ìyàtọ̀ 155 sí 191 kì í ṣe èèṣì? Àwọn amòye ìṣirò wọ̀n ọ́n: bí oògùn náà kò bá wúlò rárá, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè hàn tó ìgbà 5 nínú ìwádìí 100. Díẹ̀ báyìí ló fi yọ. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí ó gbà á kí wákàtí 3 tó pé, 89 ló kú lápá oògùn, 127 lápá kejì. Èèṣì kò lè ṣe èyí tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 100. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fún ìyá ní oògùn náà láàrin wákàtí 3 wọ̀nyí.

Ẹ̀yin ará, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Epe lè jẹ wákàtí mẹ́ta náà tán. Ẹ yan ilé ìwòsàn kí oṣù tó pé, ẹ béèrè bóyá oògùn yìí wà níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ má dúró gbọ́ ìròyìn àgbo. Ẹ gbé ìyá, ó di ilé ìwòsàn.