Ọjọ́ 44 Kò Tó Fi Dá Ènìyàn Lẹ́jọ́

Àwọn kan ní ẹni tó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, olódo ni. N kò gbà! Ẹ wo Brian Clough, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Góòlù 251 ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 274. Lẹ́yìn tó fi orúnkún ṣèṣe ní 1962, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba líìgì fún Derby County ní 1972. Ní 1974, Leeds United gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ 44 péré, wọ́n lé e.

Ṣé ó ti parí fún un nìyẹn? Rárá o! Nottingham Forest, tó wà ní ìpele kejì, gbà á ní 1975. Ó gba líìgì fún wọn ní 1978, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1979 àti 1980.

Ẹnì kan lè sọ pé Peter Taylor, igbákejì rẹ̀, ló ràn án lọ́wọ́. Òótọ́ ni! Taylor bá a gba ife ní Derby àti Forest, ṣùgbọ́n kò bá a dé Leeds. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọ bá gbòdo nínú ìṣirò, kí ẹ tó pè é ní olódo, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ta ló dúró tì í?