Irọ́ Kọ́ Ni Mítà Olówó Pọ́ọ́kú Ń Pa

Àwọn onílé, àwọn tó ń ta ọjà iná àti ọ̀pọ̀ rìwáyà pàápàá ti jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan: pé mítà kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó kún ọjà Alábà kò ṣeé fi wọn iná ilé. Tó bá kọ fóltì 165, wọ́n á ní mítà ló bàjẹ́. Tó bá kọ 270, wọ́n á ní ayédèrú ni, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, wọ́n ní kó lọ ra mítà Fluke olówó gọbọi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbẹ́nu dákẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ti ba fíríìjì àti tẹlifíṣàn púpọ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá tú ẹ̀yìn mítà náà, èyí tí wọ́n kọ DT830 sí lójú, yóò rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bátìrì 9 fóltì kan wà níbẹ̀, fíúsì kékeré kan, pátákó pẹlẹbẹ kan, àti ohun dúdú kan láàárín pátákó náà tó rí bí ọ̀dà tó kán sílẹ̀ tó sì gan. Abẹ́ ohun dúdú yẹn ni ọpọlọ mítà wà. Iléeṣẹ́ Intersil ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe irú ọpọlọ yìí, ICL7106 ni wọ́n pè é, àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà sì ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní. Tí iná bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, àwọn rẹsísítọ̀ ló máa kọ́kọ́ dín in kù, dáyóòdù kan á jẹ́ kí apá kan ìgbì rẹ̀ kọjá, ọpọlọ á sì ka èyí tó kù. Kò sí iṣẹ́ awo kankan níbẹ̀. Rẹsísítọ̀ tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò wọ́n níbikíbi láyé mọ́. Olówó ńlá nìkan kọ́ ló lè rà á.

Ìwé tó ń bá DT830B, ọ̀kan lára irú mítà yìí, wá nínú páálí kò fi nǹkan pamọ́. Ó ní àṣìṣe rẹ̀ lórí iná ilé kò ní ju ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá kà lọ, pẹ̀lú òǹkà 10 lórí ìyẹn. Lórí ipò 750 tí wọ́n fi ń wọn iná ilé, òǹkà kan jẹ́ fóltì kan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: tí iná bá jẹ́ 230 gẹ́lẹ́, ohunkóhun tí mítà bá kọ láàárín 217 sí 243 ṣì wà nínú àdéhùn. Àwọn tó ń bú mítà yìí á gbá ìṣirò yẹn mú, wọ́n á ní ẹ ò rí nǹkan! Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ lè burú dé ni ìwé náà ń sọ. Mítà tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára sábà máa ń sún mọ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Fluke 87V tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rù bani, ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni òun náà ṣèlérí lórí iná ilé, òǹkà méjì ló sì fi lé e. Ó dára jù lóòótọ́. Bó ṣe dára tó kò sọ èkejì di òpùrọ́.

Kí wá ni fóltì 13 fẹ́ yí padà nínú ìpinnu onílé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé 230 ni iná ilé, ó sì lè gòkè dé 253 tàbí kó wálẹ̀ dé 216 láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ iná rú òfin. Nǹkan bíi fóltì 37 ló wà láàárín méjèèjì, fíríìjì wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ 225 sí 235 kọ́ ló ń dààmú ará Ìbàdàn tàbí ará Ìkòròdú. Ohun tó ń dààmú rẹ̀ ni iná tó wà ṣùgbọ́n tí kò gbé nǹkan, tí fáànù ń yí bí ẹni tí kò fẹ́.

Ká ní mítà kọ 165. Agbára áyọ́ọ̀nù ń tẹ̀ lé fóltì ní ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà áyọ́ọ̀nù tó yẹ kó jẹ 1,000 wáàtì lórí 230 kò ní rí ju nǹkan bíi 515 lọ. Bí mítà bá ṣàṣìṣe dé ibi tí ìwé rẹ̀ gbà á láyè, kí òótọ́ jẹ́ 177, áyọ́ọ̀nù yẹn ṣì máa rí nǹkan bíi 590. Aṣọ kò ní nà nínú méjèèjì. Ẹni tó ju mítà sẹ́yìn nítorí pé kò gbówó lórí, òótọ́ gan-an ló jù sẹ́yìn.

Ibo wá ni orúkọ burúkú yìí ti wá? Ọ̀nà kan ni pé àwọn èèyàn ń wọn iná ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń retí iye kan náà. Rìwáyà àkọ́kọ́ wá láàárọ̀, ó rí 218. Èkejì dé nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, ó rí 181. Wọ́n á ní mítà méjèèjì kò bára mu. Iná gan-an ni kò dúró lójú kan. Kí aládùúgbò tan ẹ̀rọ tó ń fa omi ti tó láti mú un wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mítà wé mítà gbọ́dọ̀ ki méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ìnfátà náà wà lára ohun tó dá orúkọ burúkú yìí sílẹ̀. Iná tó ń bọ̀ láti orí òpó máa ń gòkè, á sọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì ní fò lójijì. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà, á dúró díẹ̀, á já bọ́ sí òdo, á sinmi, á tún fò sí òdìkejì. Mítà kékeré kò mọ ìgbì tó rí báyìí. Ohun tó mọ̀ ni kó wá ìpíndọ́gba, kó sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 1.11, ìṣirò tó bá ìgbì iná òpó mu. Tí ìnfátà bá ń fò dé 325, tó sì ń lo ìdajì àkókò lókè, 230 gidi ni iná rẹ̀, ṣùgbọ́n 180 ni mítà máa kọ. Oníbàárà á bú ẹni tó ta ìnfátà, ẹni tó ta ìnfátà á bú mítà, àwọn tó ń wòran á sì gbà pé mítà olówó pọ́ọ́kú kò ṣeé gbọ́kàn lé rárá. Lórí irú ìnfátà yẹn, àwọn tó ń bú mítà yìí jàre: mítà tí wọ́n kọ True RMS sí lójú, èyí tó lè ka irú ìgbì bẹ́ẹ̀, ló tọ́ síbẹ̀. Wọn kò jàre láti gbé ẹ̀sùn yẹn lọ sórí iná òpó.

Ẹ̀sùn mìíràn ni ti wáyà tí wọ́n ti gé kúrò lára iná, tí mítà ṣì ń kọ 40 tàbí 90 lórí rẹ̀. Wáyà tó ní iná tó ń bá a rìn nínú páìpù kan náà ló ń ràn án. Mítà olówó gọbọi máa rí i pẹ̀lú, àní ó lè rí i ju olówó pọ́ọ́kú lọ, nítorí pé ó sábà máa ń ní mílíọ̀nù 10 óòmù nínú, èyí tó ju ti mítà kékeré lọ fíìfíì. Kí wọ́n so gílóòbù olókùn mọ́ wáyà náà, kí wọ́n tún un wọ̀n: iye yẹn á pòórá.

Ti bátìrì kò gba àlàyé púpọ̀. Tí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù, mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye tó ju òótọ́ lọ. Àmì bátìrì tó yọ lójú mítà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe jàǹbá jù lọ ni ọjọ́ tí níútírà bá já lórí òpó. Láàárín fésì kan sí èkejì, nǹkan bíi 400 fóltì ló wà. Tí níútírà bá ti lọ, ilé tó wà lórí fésì kan àti ilé tó wà lórí èkejì á jọ máa pín 400 yẹn, ilé tí kò tan nǹkan púpọ̀ ló sì máa gba èyí tó pọ̀. Mítà á kọ 310 nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn gílóòbù á mọ́lẹ̀ kọjá àlà. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn sáré pa súwíìṣì ńlá. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé irọ́ ni mítà rẹ̀ ń pa á mì ín jìgìjìgì, á tún un wọ̀n, tẹlifíṣàn á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rù mítà kékeré, ìdí gidi wà, ààbò ni. Ihò tí wọ́n kọ 10A sí lára rẹ̀, wọ́n kọ unfused sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé kò sí fíúsì tó ń dáàbò bò ó. Ẹni tó gbàgbé wáyà pupa sínú ihò yẹn, tó wá ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti so fésì mọ́ níútírà ní tààrà nìyẹn, iná á bú gbàù mọ́ ọn lọ́wọ́. Awọ wáyà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá sì tẹ CAT III, tó jẹ́ àmì ààbò, sí i lójú, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí onílé fi wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má gbé e dé ìdí òpó tàbí inú àpótí fíúsì ńlá. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni owó Fluke wà fún, rìwáyà tó ń ṣí àpótí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì gbọdọ̀ ṣahun sí ara rẹ̀.

Nínú ilé, mítà kékeré tó. Onílé tí iná rẹ̀ kò gbé nǹkan lè máa kọ iye tó rí sílẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní aago mẹ́jọ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ mítà prípéèdì náà máa ń fi fóltì hàn tí wọ́n bá tẹ kóòdù rẹ̀, kí ó kọ ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kó mú ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá wò ó, tó ní mítà olówó pọ́ọ́kú ló fi wọ̀n ọ́n, kó ní kí òṣìṣẹ́ náà gbé ti iléeṣẹ́ wá sílé òun láago mẹ́jọ alẹ́, kí wọ́n ki méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí wọ́n sì jọ kà á.