Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé fún Àwọn Ará Etí Òkun

Àwọn àgbà a máa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òwe yìí kì í ṣe àjèjì ní ibikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù pé odò yóò gbẹ; ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn ni pé omi yóò gbé orísun náà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú etí òkun wọ̀nyí ni Oríòkè-Ìwàmímọ́. Bí ó tilẹ̀ ń jẹ́ Oríòkè, àlejò tí ó bá wá òkè kiri níbẹ̀ yóò wá a tì, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ni iwájú, irà ni ẹ̀yìn. Orúkọ ìgbàgbọ́ ni orúkọ náà. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀, àwọ̀n sì ni oko wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó mú kí ènìyàn lè gbé irú ibi bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó lè gun omi, agbẹ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mọ igi tí omi kò ní tètè bà jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí inú rẹ̀ yóò ti jìn tó àti bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti nípọn tó, kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé. Ẹni tí ń hun àwọ̀n kò lè fi ojú àwọ̀n kan náà kó edé àti ẹja ńlá. Ẹni tí ń hun ìgèrè gbọ́dọ̀ ṣe ẹnu rẹ̀ kí ẹja lè wọlé, ṣùgbọ́n kí ó má lè jáde mọ́. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ a sì máa hun ẹní láti ara koríko tí ń hù nínú irà. A kò kọ ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ yìí sínú ìwé. Ọwọ́ ni ó wà, ẹnu ni ó sì ti ń jáde.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé òkè ilẹ̀ ní olùtọ́jú kan tí àwọn ará etí òkun kò ní. Olùtọ́jú náà ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Ifẹ̀, ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí àwọn baba ńlá ti rọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Nígbà tí a sì ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ní ọdún 1954, ohun tí yóò kún inú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní Èsìẹ́, àwọn ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ ni ó mú kí a kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ ní ọdún 1945. Ní Ọ̀wọ̀, tí òun pẹ̀lú wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1968. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì hú àwọn ère alámọ̀ jáde ní Igbó Lájà. Idẹ, òkúta àti amọ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ilẹ̀ gbà wọ́n pamọ́, ó sì dá wọn padà nígbà tí àkókò tó.

Ẹnìkan lè wí pé igi náà lè pẹ́ nínú ilẹ̀. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan tí ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe ní òkè Ọya, kan ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ṣùgbọ́n amọ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni ó tọ́jú ọkọ̀ yẹn. Kò sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí a fà sórí iyanrìn ní etí òkun Ìlàjẹ. Oòrùn ń là á, òjò ń rà á, kòkòrò inú omi ń lu ú ní ihò. Ẹní àti àwọ̀n kò tilẹ̀ pẹ́ tó ọkọ̀. Ilẹ̀ tí ìbá sì gbà wọ́n pamọ́, òun pàápàá ń lọ. Ní Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947 ní etí òkun kan náà, òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àti òpópónà. Ohun tí ó bá rì síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọkọ́ hú u jáde ní ọjọ́ iwájú.

Nítorí náà, àwọn ará etí òkun kò lè dúró de ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àrọ́mọdọ́mọ wọn mọ bí àwọn baba wọn ti gbé lórí omi, àfi kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó àwọn ohun wọ̀nyí jọ sínú ilé kan, nígbà tí àwọn tí ó mọ orúkọ wọn ṣì wà láàyè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀pá àṣẹ nìkan ni ó yẹ ibẹ̀. Àjẹ̀ tí ìyá arúgbó fi wa ọkọ̀ lọ sí ọjà yẹ ibẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn ìlú wà lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò tako èrò yìí. Wọn yóò ní ìlú tí ó ń jẹ́ Ìwàmímọ́ kò gbọdọ̀ tọ́jú ohun àwọn abọ̀rìṣà. Ó yẹ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ nípa ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ Batak, tí ń gbé ní erékùṣù Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, létí adágún ńlá tí ń jẹ́ Toba. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ajíhìnrere láti Jámánì dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ Kristẹni títí di òní. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Batak ní ìlú Balige. Aṣọ híhun wọn tí ń jẹ́ ulos kò di ohun ìtìjú. Wọ́n ṣì ń fi í bo èjìká ọkọ àti ìyàwó láti súre fún wọn. Ìwé tí àwọn adáhunṣe wọn àtijọ́ kọ sára èèpo igi pẹ̀lú ni a ń tọ́jú ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó bá wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ di adáhunṣe. Ó kàn mọ̀ pé àwọn baba òun mọ ìwé kọ kí àlejò tó dé ni. Bí ìwé oògùn kò bá ba ìgbàgbọ́ àwọn Batak jẹ́, kí ni ìgèrè àti ẹní lè ṣe sí ìgbàgbọ́ ará Oríòkè-Ìwàmímọ́?

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Àwọn kan yóò bi í pé, kí ni ìwúlò ilé fún ohun àtijọ́ nígbà tí òkun ń gba ilé alààyè? Ẹni tí ó bá fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ìyà tí ó wà ní etí òkun. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá òkun dúró. Ojúṣe ìjọba ni, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó ilé, bàbá a máa gbé ọmọ jáde, ìyá a sì máa di ẹrù. Ẹnìkan kì í dúró de ẹnìkejì. Bí àwọn ará ìlú bá sì wá di ẹni tí ó ń ṣí lọ sí ibòmíràn, ìgbà náà gan-an ni wọn yóò nílò ohun tí yóò máa sọ fún àwọn ọmọ wọn pé, “Ibi báyìí ni a ti wá.”

Kò pọn dandan kí ilé náà dúró sórí iyanrìn tí òkun ń jẹ. Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, wà nínú ilẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ sì dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé náà lè wà, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní etí òkun sì ní iyàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kí agbẹ́kọ̀ máa gbẹ́ ọkọ̀ nínú ọgbà ilé náà, kí àwọn ọmọdé sì dúró tì í. Ọkọ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú, bí a tilẹ̀ ń nu eruku ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó yan bíríkì kan, iṣẹ́ wà tí kò ná ni ní ju ìwé àti kálámù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀ kí ó sì béèrè orúkọ gbogbo igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀, orúkọ oríṣiríṣi àwọ̀n, àti ìgbà tí a ń dẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó lè béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bí a ti ń sá koríko ẹní àti bí a ti ń pa á láró. Ohun tí ó bá kọ sílẹ̀ ni ẹrù àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé náà. Òkun kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó mú ohun tí ó fẹ́ mú. Ọmọ tí ó bá tètè béèrè lọ́wọ́ àgbà ni yóò rí nǹkan fi hàn fún ọmọ tirẹ̀.