Orúkọ Tí A Ń Fún Ìdọ́gba

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, ọ̀ràn kékeré kan wà tí ó ń ba iṣẹ́ àwa tí a ń fi LaTeX tẹ ìwé ìṣirò jẹ́. Leslie Lamport ni ó gbé LaTeX kalẹ̀ lórí TeX ti Donald Knuth, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989. Nínú rẹ̀, a kì í fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà ìdọ́gba. \label ni a fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Níbi tí a bá fẹ́ tọ́ka sí i, a ó kọ \ref pẹ̀lú orúkọ náà, LaTeX yóò sì wá nọ́ńbà rẹ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni eq1, eq2, eq3 tí púpọ̀ nínú wa ń kọ. Ní Accra níhìn-ín, a máa ń pe ọmọkùnrin kẹta ní Mensah, bí àwa Yorùbá ti ń pe ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì ní Ìdòwú. Orúkọ wọ̀nyí kò lè yẹ̀, nítorí a kì í bí ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn àbúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdọ́gba méjì ṣíwájú eq3 lọ́la, ó di ìkarùn-ún nìyẹn, orúkọ rẹ̀ a sì máa purọ́.

Ẹni tí ó bá sì kígbe pe Kofi ní ọjà Makola yóò rí bí ènìyàn tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì ti pọ̀ tó. Irú rẹ̀ ni ó bá mi nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan. Mo so ìwé àlàyé méjì pọ̀ di ọ̀kan. Eq2 wà nínú méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìwọ̀n àyíká òbìrìkìtì, ti èkejì jẹ́ ìwọ̀n ààyè inú rẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn ni LaTeX ń mú. Ó kìlọ̀ fún mi, n kò ka ìkìlọ̀ náà. Ọmọbìnrin kan ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí ìwé mi wí, mo sì fa ìlà pupa sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó mú ìwé náà wá bá mi ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà.

Láti ìgbà náà, irú ohun tí nǹkan jẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà iṣẹ́ rẹ̀: eq:ayika-obirikiti, fig:obirikiti. N kì í fi àmì ohùn sí i, kí LaTeX àtijọ́ má baà kọ̀ ọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wí pé orúkọ gígùn ń fi àkókò ṣòfò. N kò gbà. Ẹ bi í bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó rí ohun tí eq7 jẹ́ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún tí ó kọjá.

Bí ẹ bá sì rí ?? nínú ìwé yín, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ ni LaTeX ń kó àwọn orúkọ jọ sínú fáìlì .aux. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ yẹ bí ẹ ti kọ orúkọ náà wò.