Ìrànlọ́wọ́ Tó Lọ́jọ́ Ló Ń Gbé Ènìyàn Ró

Ọ̀rọ̀ tòní kan ìlera, ó sì kan ọjà. Ó jẹ mọ́ àwọn tí ara wọn ní ìpèníjà, tí wọ́n sì fẹ́ máa gbé nínú ilé tiwọn: ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tí ìjàǹbá ọ̀nà gba apá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ní abúlé yín, ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ta ló ń pọn omi fún un? Ẹ ó ní: "Gbogbo wa ni." Ó dáa. Lọ́jọ́ wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti gbogbo wa, tí kò sì sẹ́ni tó ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹni yẹn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, á máa retí ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Bí ọmọ ilé ìwé bá kọjá, ó lómi. Bí wọ́n bá ti lọ sóko kajú, kò lómi. Ẹni tí kò lómi, báwo ló ṣe fẹ́ wẹ̀? Báwo ló ṣe fẹ́ lo oògùn rẹ̀ lásìkò? Egbò tí kò bá rí omi fọ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń dà.

Èrò tèmi nìyí, ẹ gbé e yẹ̀ wò: àánú pọ̀ nílẹ̀ wa, ètò ni kò tó. Àánú tí kò lọ́jọ́, ìdúró ló ń fi ènìyàn sí.

Àwọn kan á sọ pé: "Kí ló dé tí kò lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ó lè lọ, bó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé láàrin ẹbí pẹ̀lú ayọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bu ẹbí wọn kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ènìyàn lọ láìbi í. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wá gbé e mọ́. Wọ́n kó o lọ sí agbo ilé ní abúlé mìíràn. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti tú ká. Ilẹ̀ oko rẹ̀, ẹlòmíràn ti ń dá a. Fóònù rẹ̀ tó fi ń gba owó, àbúrò ti mọ kóòdù rẹ̀. Oúnjẹ á dé lóòótọ́, àmọ́ ohun tó fẹ́ jẹ, kò sẹ́ni tó bi í. Ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ẹsẹ̀ ló rọ, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ gààrí yan.

Kí là ń pè ní gbígbé lómìnira? Kò túmọ̀ sí pé kéèyàn má gba ìrànlọ́wọ́. Ta ni nínú wa tí kì í gbà á? Ẹni tó ń jẹ iṣu tí kò gbìn, tó ń gun alùpùpù tí kò wà fúnra rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ló ń gbà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni náà ló máa sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́, ìgbà tó fẹ́ ẹ, àti ẹni tí yóò wọlé rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ed Roberts. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Kò lè gbé apá, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí lóru. Síbẹ̀ ó wọ yunifásítì. Ní ọdún 1972, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Berkeley, níbi tí àwọn tó ní ìpèníjà ara fúnra wọn ti ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ara wọn: ẹni tí yóò gbé wọn dìde, ilé tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti tàn kálẹ̀. Nígbà tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n kọ ọ́ sí abala 19 pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tí wọn ó gbé àti ẹni tí wọn ó bá gbé, kí ìrànlọ́wọ́ sì wà fún wọn láàrin ìlú. Orílẹ̀-èdè wa Benin wọ inú àdéhùn yẹn ní 2012. Lẹ́yìn náà la ṣe òfin tiwa, òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn.

Ẹ má jẹ́ ká sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ẹni tó bá mọ àáró, ó ti mọ ìdí rẹ̀. Àwọn bàbá wa kì í dá oko kọ. Òní, a wà lóko tèmi. Ọ̀la, a wà lóko tìẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ ju àáró lọ á bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ń dá àjọ, ẹ mọ ẹni tó kàn láti kó o. Gbogbo ìwọ̀nyí ló lọ́jọ́, ló sì ní orúkọ ẹni tó kàn. Kí ló dé tí iṣu wa ní ètò, tí owó wa ní ètò, tí aládùúgbò wa tí kò ríran ò ní?

Ẹ rántí àrùn ìfọ́jú tó ń ti ẹ̀bá odò wá. Kòkòrò dúdú kékeré tó ń pamọ sínú omi tó ń sáré ló ń gbé e kiri, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n àwọn tó ń dáko létí odò lójú. Láti 1974 títí dé 2002, ètò ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wà nínú rẹ̀ gbógun ti kòkòrò yìí ní Benin àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oògùn ivermectin tí wọ́n ń pín, ta ló ń pín in fún ará abúlé? Kì í ṣe dókítà nìkan. Àwọn ará abúlé yan ènìyàn láàrin ara wọn, wọ́n fún un ní ọ̀pá ìdíwọ̀n, ó ń wọn gíga oníkálukú kó tó mọ iye hóró tí yóò fún un. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Abúlé tó lè ṣe ìyẹn lè ṣe ètò omi pípọn fún ẹni kan. Àwọn tí oògùn yẹn ò sì tètè bá, tí ojú wọn ti lọ, wọ́n ṣì wà láàrin wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí kò le. Ká ní ẹgbẹ́ olùgbọ́ yín jẹ́ ogún ènìyàn. Bí oníkálukú bá mú àárọ̀ kan, ó di ẹ̀ẹ̀kan ní ogún ọjọ́ kí ó tó tún kàn ẹ́. Bí oníkálukú bá fi fránkì 50 sílẹ̀ lọ́sẹ̀, fránkì 1000 ni, ó sì di 4000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó yìí kò lè ra kẹ̀kẹ́ arọ, àmọ́ ó lè san owó zẹ́mì dé ọjà àti dé ilé ìwòsàn. Kí owó náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ẹni tó kàn fúnra rẹ̀ yan onízẹ́mì tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Òun náà gbọ́dọ̀ wà nínú àáró yẹn, kó má jẹ́ ẹni tí à ń ṣe é fún lásán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lè máa kọ ìwé àjọ. Ẹni tí kò ríran lè bó ẹ̀gúsí, ó lè máa wo ọmọ yín nígbà tí ẹ bá wà lóko. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó ń gbà tó sì ń fúnni, kì í tijú láti sọ pé omi àná kò tó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní: "Bí iná bá jó ńkọ́? Bó bá ṣubú lóru ńkọ́?" Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, kí òmíràn kàn án lálẹ́, kí fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ tó lè fọn, kí àdògán ìdáná jìnnà sí ibùsùn. Nínú agbo ilé tí gbogbo ènìyàn ti lọ sóko, tó jẹ́ òun nìkan ló kù sílé, ṣé ewu kò sí níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará ọjà, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ fún ọlọ́jà tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní àyè létí ọ̀nà, kó má jẹ́ láàrin ẹrẹ̀. Ẹ má máa yí àyè ọlọ́jà tí kò ríran padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ẹ bá ń sanwó fún un, ẹ fi í sí i lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa sọ ọ́: "Ẹgbẹ̀rún kan rèé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rèé." Bí ẹ bá ń mú un kọjá ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, ẹ má fà á. Ẹ má ti kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni láìbi í. Ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹ kọjú sí i kó lè rí ẹnu yín, ariwo kò wúlò. Kí ẹ sì máa pè wọ́n lórúkọ. "Afọ́jú yẹn" kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ìjọba fi ẹ̀yìn wa sá pamọ́ o. Omi pípọn, abúlé lè ṣe é. Kẹ̀kẹ́ arọ, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ìtọ́jú iṣan, ọ̀nà tó tẹ́jú dé ẹnu ilé ìwòsàn, ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí kò gbọ́ràn, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ní ìlú wa, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni GUPS, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àwùjọ, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ṣì ń pè ní sosíálì. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè nípa káàdì tí wọ́n ń pè ní carte d'égalité des chances, èyí tó jẹ́ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Àmọ́ ẹ wo ìwé ìbí ẹni náà kí ẹ tó lọ. Ẹni tí kò ní ìwé, kò sí bí wọn ó ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ bá a lọ sí mẹ́rì láti tún un ṣe. Òun ni kó sọ̀rọ̀ níwájú akọ̀wé, kí ẹ̀yin dúró tì í.

Kí ẹ tó tú ká lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ohun mẹ́ta láàrin ara yín. Èkíní, ta ni ní abúlé wa tó ń dá gbé, tàbí tó fẹ́ dá gbé, tí ara rẹ̀ ní ìpèníjà? Èkejì, ta ni yóò lọ bá a lọ́la láti bi í ní ohun tó fẹ́, ohun tí kò fẹ́, àti ẹni tí kò fẹ́ kó wọlé òun? Ẹ̀kẹta, ọjọ́ wo ló kan ta ni? Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí iwájú rẹ̀. Ẹ ka ìwé náà sí etí rẹ̀, kó lè mọ ẹsẹ̀ tí yóò máa retí láàárọ̀ ọ̀la.