Ẹ Yé Pè É ní Àṣìṣe Ẹ̀dá

"Àṣìṣe ẹ̀dá ni." Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń pa aráàlú lẹ́nu mọ́ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Nàìjíríà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn nítorí máàkì ìdánwò tí kò péye. Ó tọrọ àforíjì, ó sì gba ẹ̀bi náà rù, ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláṣẹ ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀, gbólóhùn náà kò tọ̀nà. Lóòótọ́, ẹni tó fi àwọn sáfà (server) kan sílẹ̀ láìtún ṣe ṣe àṣìṣe. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ tí wọn kò ṣe àyẹ̀wò tí yóò ká àṣìṣe ọ̀hún mọ́ ńkọ́?

Lọ́dún náà, JAMB yí bí wọ́n ṣe ń to ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan padà, èyí sì gba kí wọ́n tún sọ́fítíwíà ṣe kí máàkì lè péye. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà tí wọ́n ń pè ní KAD. Kò dé orí ti LAG, tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti gúúsù-ìlà-oòrùn. Ìdánwò ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó fura. Nígbẹ̀yìn, ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe.

Kí àṣírí tó tú, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti sọ pé bí máàkì ṣe lọ sílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti dínà mọ́ màgòmágó ìdánwò ni. Òbí tó gbà á gbọ́ pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ọmọ tó fi òru kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ọpọlọ ara rẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni kí àgbàlagbà máa bú ọmọdé nítorí ẹ̀rọ tí àgbàlagbà kò yẹ̀ wò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo ayé sì gbọ́. Kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, gbé kóòdù tuntun sórí sáfà méje nínú mẹ́jọ. Lọ́jọ́ náà, ìkẹjọ tí wọ́n fò ta kóòdù àtijọ́ jí, ó sì ń ra ìpín ìdókòwò, ó ń tà á, bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là tó ṣòfò. Ímeèlì 97 ni ẹ̀rọ wọn ti fi ránṣẹ́ kí ọjà tó ṣí, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Sáfà tí wọ́n fò ló fà á níbẹ̀ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ sọ́fítíwíà kan yóò ní agile, ìlànà ṣíṣe sọ́fítíwíà díẹ̀díẹ̀, làwọn ń tẹ̀lé, kó kọ́kọ́ jáde, àtúnṣe á máa tẹ̀lé e. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ agile. Kent Beck wà lára àwọn mẹ́tàdínlógún tó kọ ìlànà agile ní Snowbird, ìpínlẹ̀ Utah, lọ́dún 2001. Òun kan náà, pẹ̀lú Erich Gamma, ló ṣe JUnit lọ́dún 1997 kí kóòdù lè máa yẹ kóòdù wò, òun ló sì ń kọ́ni pé kí àyẹ̀wò ṣáájú kóòdù. Àyẹ̀wò yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè yára. Kò sí olóúnjẹ tó mọṣẹ́ tí í bu ọbẹ̀ fún oníbàárà láìtọ́ ọ wò.

Àwọn kan tún ń sọ pé kò sówó, kò sákòókò láti ṣe àyẹ̀wò. JUnit, Selenium àti Jenkins, tí wọ́n fi ń yẹ sọ́fítíwíà wò, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Iye wo ni JAMB wá ná láti tún ìdánwò ọmọ 379,997 ṣe?

Àyẹ̀wò tí ìbá gba JAMB là kò ju èyí lọ: kí wọ́n fi ìdáhùn kan náà, tí wọ́n ti mọ máàkì rẹ̀, ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bí KAD bá fún un ní 280 tí LAG fún un ní 140, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ìdánwò, títí tí máàkì méjèèjì yóò fi bára mu. Kí JAMB sọ fún aráàlú pé àyẹ̀wò yìí ti wà báyìí, kí wọ́n sì sọ ẹni tó ní àṣẹ láti dá ìdánwò dúró tó bá kùnà.