Ẹ má fi góòlù nìkan ṣèdájọ́ Osimhen

Góòlù kan péré ni Victor Osimhen gbá wọlé ní AFCON tó wáyé ní Ivory Coast lọ́dún 2024. Ẹni tó ń ka góòlù nìkan á ní kò ṣe nǹkan kan. Àbí ta ló sáré lé ọmọ Cameroon, tó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó sì tì í fún Lookman tó gbá a sáwọ̀n? Òun ni o!

Àmọ́ ojú náà máa ń ṣègbè. Ó rántí eré sísá yẹn, ó gbàgbé àwọn àǹfààní tí Osimhen fi ṣòfò. Ìṣirò kì í gbàgbé ìyẹn.

Èmi tí mo kọ́ òfin mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bú agbábọ́ọ̀lù lórí ayélujára, ẹ gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí méjèèjì: ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, kẹ́ ẹ tún yẹ ìṣirò wò.